Apá Òsì Méjì

Ká ní nǹkan kan ló ṣe Ìyá Bọ́tìnì ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ẹni tó ń ṣàìsàn, a ó ní kó lọ gba oògùn. Ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀, a ó bá a bú ẹni tó já a jù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ rẹ̀ wà nílé, kì í mutí, kì í na ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti dàgbà, wọ́n ti níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà lójú títì, oníbàárà ń wọlé, oníbàárà ń jáde. Ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, ó wo àjà lókè orí rẹ̀, ó sì rí i pé òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ dìde ṣe.

Ó rò pé àárẹ̀ ni. Ó sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó jí, ó tún wo àjà, bákan náà ló rí.

Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pè é yẹn, ẹ má rò pé orúkọ ọmọ ni o. Tó bá ń ránṣọ, ẹnu ló máa ń kó bọ́tìnì sí, á máa fi wọ́n sẹ́nu báyìí bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀rù á sì máa ba àwọn oníbàárà pé yóò gbé ọ̀kan mì lọ́jọ́ kan. Kò gbé e mì rí. Wọ́n ní kó jáwọ́, ó ní kò síbi tí ọwọ́ òun ti ń tètè bá bọ́tìnì bí ẹnu òun. Ẹni tó máa ń yọ̀ mọ́ iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Tó bá rán aṣọ tó dáa, á gbé e kọ́ sára ògiri, á jáde lọ sí ìta, á wá máa yọjú wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ilé. Á ní, "Háà, ta ló rán eléyìí? Ọlọ́run á fún un lẹ́mìí gígùn." Á sì ṣe àmín fúnra ẹ̀.

Ìyẹn ti dópin. Agolo kan ló wá ń kó bọ́tìnì sí báyìí, bíi télọ̀ gbogbo. Ó ń rán, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń ká a, ó ń fún olówó rẹ̀, ó tán. Nírọ̀lẹ́, á parí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀, nítorí pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í gbàgbàkugbà. Ọ̀gá náà ti kú, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò tíì kú: "Aṣọ kì í sùn lábẹ́ abẹ́rẹ́! Abẹ́rẹ́ máa dógùn-ún, ìpẹtà á mú aṣọ olówó, ìwọ lo máa san án." Torí náà, Ìyá Bọ́tìnì ò fi aṣọ sílẹ̀ láìparí rí láti ìgbà tó ti dá dúró. Á parí ẹ̀, á gbálẹ̀, á da aṣọ bo maṣíìnì. Tó bá di àárọ̀, á tún dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á máa wo àjà.

Ìmọ̀ràn? Ẹ má dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ta ìmọ̀ràn lọ́jà, obìnrin yìí ì bá ti lówó.

Alágbàfọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní rédíò kan. Láràárọ̀ ni ọkùnrin kan máa ń pariwo nínú rédíò náà: "Dìde! Ayé ń dúró dè ẹ́!" Alágbàfọ̀ á yí i sókè kí aládùúgbò rẹ̀ lè gbọ́, á sì yọrí lójú fèrèsé pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ìyá Bọ́tìnì, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ní ayé ń dúró dè yín."

"Ta ló ní kó dúró? Sọ fún un kó máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá wò ó. Ó de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ geere. Ó wá ní kó máa dúpẹ́ láràárọ̀ kó tó dìde, kó máa ka oore tó ní lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Bọ́tìnì kì í ṣe aláìgbọràn. Ó dùbúlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúpẹ́ fún ojú, ó dúpẹ́ fún etí, ó dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dúpẹ́ fún omi tó ń yọ lẹ́rọ. Nígbà tó fi máa dé orí ìkòkò àti àwo, oorun ti gbé e lọ.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ni, ojú fíríìjì ló sì fi ń wo gbogbo nǹkan láyé. Ó ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rù pé òun lòun ṣẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀, ìyàwó ẹ̀ ní òun ti dárí jì í, kò kúkú sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ó wá fọwọ́ lẹ́rán.

"Ìyàwó mi, fíríìjì tó bá ń dún tí kò tutù, gáàsì ẹ̀ ló ti tán. Wọ́n á kàn rọ òmíì sí i ni."

"Ó dáa, dádì wọn. Níbo lẹ fẹ́ ti rọ ọ́ sí mi?"

Ọkùnrin náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, kò rí ibì kankan. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì tán.

Ohun tó ń dà á láàmú jù ni pé kò rí ohun tó lè dá lẹ́bi. Tó bá wo ilé, ilé dáa. Tó bá wo iṣẹ́, iṣẹ́ ń lọ. Á ní bóyá òun ti di abara-móore-jẹ, á bú ara ẹ̀, á tún káàánú ara ẹ̀, á tún bi ara ẹ̀ pé kí lo ń káàánú fún. Orí ẹ̀ dàrú. Nígbà tó rò ó títí tí kò rí ìdí ẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà ló ti sú òun. Ó kàn ní kóun rí nǹkan sọ ni. Ó ránṣẹ́ sí Oníbáàgì, ọkùnrin kan ládùúgbò kejì tó ń rán báàgì, pé kó wá gbé maṣíìnì ní Sátidé. Inú Oníbáàgì dùn títí, torí ojú ẹ̀ ti wà lára maṣíìnì náà tipẹ́. Ìyá Bọ́tìnì ní tóun bá ti bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, bóyá orí òun á wálé. Ṣé á wálé lóòótọ́? Òun náà ò mọ̀.

Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà Àgbà wọlé dé.

Tíṣà Àgbà ló kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé, tó fi dórí ọmọ méjèèjì Ìyá Bọ́tìnì. Fúráìdè ọ̀sẹ̀ náà ni yóò fẹ̀yìn tì. Ó mú aṣọ kan jáde látinú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Aṣọ aláwọ̀ búlúù ni, ó ń dán, òdòdó funfun kéékèèké wà lára ẹ̀.

"Owó oṣù tí mo kọ́kọ́ gbà ni mo fi rà á. Mo ní ọjọ́ tó bá yẹ ẹ́ ni mo máa rán an. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò rí ọjọ́ tó yẹ ẹ́. Bá mi fi rán gáùn. Fúráìdè ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́."

Ìyá Bọ́tìnì fẹ́ sọ pé òun ò gba iṣẹ́ mọ́. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ta ló tó sọ "rárá" fún Tíṣà Àgbà? Àwọn ọkùnrin tó ti nírùngbọ̀n ṣì máa ń fi sìgá pamọ́ tí wọ́n bá rí i lọ́nà. Ó pa ẹnu dé, ó mú téèpù.

Ọjọ́ kejì ló gé aṣọ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń gé apá aṣọ, kí ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á ṣẹ́ aṣọ sí méjì, ojú á kọ ojú, wọ́n á gé e lẹ́ẹ̀kan náà, apá ọ̀tún àti apá òsì á jáde pọ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ Tíṣà Àgbà kò tó ṣẹ́ po. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa gé irú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gé ìkíní, wọ́n á yí bébà ìwọ̀n padà kí wọ́n tó gé ìkejì. Ọmọ iṣẹ́ tó wọlé lánàá mọ̀ ọ́n. Ìyá Bọ́tìnì gé ìkíní, ó wo ìta díẹ̀, kò rí nǹkan kan wò níbẹ̀, ó gbé bébà náà lé aṣọ bó ṣe wà, ó gé ìkejì.

Ìgbà tó fẹ́ fi apá mọ́ ara gáùn ló rí i. Ó gbé èyí síbí, ó gbé ìyẹn sọ́hùn-ún. Ó pààrọ̀ wọn. Ó tún pààrọ̀ wọn. Apá òsì ni. Ìkejì, apá òsì ni.

"Yéè! Mo gbé!"

Alágbàfọ̀ sáré dé. Ó wo apá méjèèjì, kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ni Ìyá Bọ́tìnì bá ṣàlàyé fún un. Ojú ẹ̀ rọ̀. Ó wá rántí rédíò.

"Ẹ má mikàn, Ìyá Bọ́tìnì. Wọ́n ní gbogbo ìṣubú ló ní ẹ̀kọ́ nínú."

"Lọ sun aṣọ oníbàárà tìẹ níná ná. Tí o bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tán, kí o wá kọ́ èmi náà."

Ó jókòó. Aṣọ tí obìnrin náà fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ pamọ́! Kò sí irú ẹ̀ lọ́jà mọ́, ẹni tó ń ṣe é gan-an lè ti kú. Ó rò ó pé kóun sá lọ sílé ẹ̀gbọ́n òun títí di Sátidé. Ó rò ó pé kóun parọ́ pé eku ti jẹ ẹ́. Ní ọjọ́rú, ó ká aṣọ náà sínú àpò, ó wọlé tọ Tíṣà Àgbà lọ.

Ó bá a nínú pálọ̀, tó ń fi pólíìṣì kun bàtà dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síléèwé. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò bu omi là á.

"Apá òsì méjì," ni Tíṣà Àgbà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ dárí jì mí. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí kò ti sí níbẹ̀."

Ó ń retí ìmọ̀ràn. Gbogbo ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ló máa ń fún un nímọ̀ràn. Tíṣà Àgbà kan gbé bàtà kan sílẹ̀, ó mú ìkejì.

"Kí lo fẹ́ kí n wá ṣe? Mi ò mọ télọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ẹ ni. Gbé aṣọ mi padà, kí o lọ wá nǹkan ṣe sí i. Fúráìdè ni mo máa wọ̀ ọ́."

"Mà, kò sí ohun tí a lè—"

"Mo ní Fúráìdè."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ìyá Bọ́tìnì dìde, inú ń bí i díẹ̀, ìtìjú sì ń mú un. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ohùn obìnrin náà tó tún dún lẹ́yìn ẹ̀. Ohùn náà ti yàtọ̀.

"Ìyá Bọ́tìnì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, mi ò mọ ohun tí mo máa jí ṣe o."

Ìyá Bọ́tìnì yíjú padà. Tíṣà Àgbà ò wò ó. Bàtà ló ń wò, ó sì ń kun ibi tó ti dán tẹ́lẹ̀.

"Èmi náà ò mọ̀, mà. Mi ò mọ ti ọ̀la gan-an."

"Àṣé bẹ́ẹ̀ ni." Tíṣà Àgbà mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Máa lọ."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ju apá méjèèjì sórí tábìlì pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀kan dojú bolẹ̀. Ó na ọwọ́ kó yí i padà, ó sì dá ọwọ́ dúró. Kò wo òdì aṣọ náà dáadáa rí. Kò dán bí ojú ẹ̀. Búlúù ibẹ̀ ṣú díẹ̀, òdòdó ara ẹ̀ sì hàn fírífírí, bí ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Kò burẹ́wà. Tí òdì bá sì di ojú, apá òsì á di apá ọ̀tún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n apá kan á ṣú, apá kan á máa dán, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé télọ̀ ti ṣe àṣìṣe. Ó gbé e kọ́. Ó jáde síta, ó yọjú wò ó. Kò dáa. Ó wọlé, ó wá àjákù aṣọ nílẹ̀, ó fi òdì ẹ̀ gé kọ́là. Ó jáde, ó yọjú. Ó ti ń dáa bọ̀. Ó tún fi òdì gé ẹnu àpò. Ó jáde. Àṣìṣe tó bá dá wà, ojú á rí i. Tó bá ti ní ẹbí, wọ́n á ní sítáì ni. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó tú kọ́là, ó gé e kéré sí i. Alágbàfọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kò dá a lóhùn. Alágbàfọ̀ pa rédíò, ó ń wò ó.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá mú un lọ sílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò mí?"

"Bọ́tìnì wà lẹ́nu ẹ."

Ìyá Bọ́tìnì fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀. Òótọ́ ni. Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. Ìgbà wo ló kó wọn síbẹ̀? Ta ló ní kó kó wọn síbẹ̀? Kò mọ̀, kò yé e, ó sì fẹ́ẹ̀ bínú sí i. Ọkọ rẹ̀ ti ń pa fèrèsé, ó ní ebi ń pa òun. Ló bá dìde tẹ̀ lé e. Apá ọ̀tún ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ìdajì ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gáùn, ìdajì ò tíì lẹ̀.

Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù kó tó rántí pé òun ò wo àjà. Ó dúró sáàárín títì. Ọ̀mùtí kan ò sí nínú ìdílé wọn, kò mu nǹkan kan, kí ló wá ṣe é? Ó wá inú ara ẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Ayọ̀ kọ́ nìyí, kò yọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ kò ju pé ìdajì apá ló kù, àti pé ibi èjìká yẹn fẹ́ súnkì. Ọlọ́kadà fun fèrè mọ́ ọn. Ó yà fún un, ó sì sáré lọ. Ó yẹ abẹ́rẹ́ wò: kò dógùn-ún.

Ó parí gáùn. Tíṣà Àgbà wá gbé e lọ, ó wọ̀ ọ́ ní Fúráìdè. Ìyá Bọ́tìnì gbálẹ̀, ó da aṣọ bo maṣíìnì, ó lọ sílé. Láàárọ̀ Sátidé, àjà ló jí bá. Gbogbo ẹ̀ ti padà. Àbí ẹ rò pé ó ti tán ni? Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, omijé ń yọ lójú ẹ̀ torí ó ti rò pé ó ti tán.

Oníbáàgì ti dúró dè é níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó wọlé, ó gbé maṣíìnì lé kẹ̀kẹ́, ó ń fi okùn dè é, ó ń kọrin. Ìyá Bọ́tìnì jókòó lórí àpótí, ó ń wo ibi tí maṣíìnì ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ maṣíìnì ti sàmì sórí sìmẹ́ńtì.

Ibẹ̀ ni Tíṣà Àgbà bá wọn. Bàtà dúdú yẹn ló wọ̀.

"Wọn ò jẹ́ kí n rímú mí! Gbogbo wọn ló ń bi mí níbi tí mo ti rán an. Olùkọ́ méjì ní irú apá yẹn gan-an làwọn fẹ́, ọ̀kan kó dán, ọ̀kan kó ṣú. Mo ní télọ̀ mi, apá òsì nìkan ló mọ̀ ọ́n gé." Ó rí kẹ̀kẹ́. "Kí ni maṣíìnì ń ṣe lórí ìyẹn?"

"Mo ti tà á, mà."

Tíṣà Àgbà wo maṣíìnì, ó wo Oníbáàgì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mo ti sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ni mo máa mú wọn wá," ló wí. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mọ́ńdè. Ìyá Bọ́tìnì gbọ́ ọ. Ó mọ irú Mọ́ńdè tó jẹ́, òun àti Tíṣà Àgbà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀.

"Mà, mi ò fẹ́ tàn yín. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà dé, ó tún lọ. Ní àárọ̀ yìí, kò sí níbẹ̀. Ó lè má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Èmi náà sunkún ní àárọ̀ yìí," ni Tíṣà Àgbà wí. "Ta ló bi ẹ́ léèrè ìfẹ́? Mo ní ṣé o máa wà níbẹ̀."

Oníbáàgì ti ta kókó ìkẹyìn. Ìyá Bọ́tìnì dìde, ó lọ síbi kẹ̀kẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú u.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò tà mọ́."

"Ẹ̀hẹ̀n? Kí ló tún dé?"

"Mi ò mọ̀."

Oníbáàgì sọ̀rọ̀ títí. Ó pe Alágbàfọ̀ wá ṣe ẹlẹ́rìí pé wọ́n ti yan òun jẹ. Alágbàfọ̀ bá a bínú, ó sì bá wọn gbé maṣíìnì wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wá mú un. Ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti ya lórúnkún ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ti lẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Ìyá Bọ́tìnì dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì. Ó dìde, ó gbálẹ̀, kò da aṣọ bo maṣíìnì.

"Ó kù díẹ̀ kó tán," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Parí ẹ̀, mo lè dúró."

"Ẹ fi sílẹ̀. Òun ni mo fẹ́ jí bá."

"Ṣé ara ti wá yá báyìí?"

"Mi ò mọ̀, dádì wọn. Ẹ má bi mí."

Ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ jáde ṣáájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yọjú wo ṣòkòtò náà bó ṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú," ló wí. "Aṣọ máa sùn lábẹ́ abẹ́rẹ́ lónìí."